Ta ló ń jẹ ẹran ẹbọ? Bí òrìṣà ẹ̀yà mẹ́ta ṣe ń dà pọ̀ nínú ìlú àròsọ

Ìbéèrè tí àbúrò kan tó ń gbé ní Agbowó fi ránṣẹ́ sí mi rèé, mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kọ ìtàn fáńtásì kan, ìlú kan tó ń jẹ́ Ọ̀dàn Ìrókò ló ti ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yà mẹ́ta ló ń gbé ìlú yẹn lẹ́yìn ogun: àwọn apẹja tó ti wà létí odò látayébáyé, àwọn alágbẹ̀dẹ tó sọ̀ kalẹ̀ látorí òkè, àti àwọn ẹlẹ́ṣin tó wá ṣẹ́gun gbogbo wọn. Òrìṣà mẹ́jọ mẹ́jọ ni mo fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Mo wá ya tábìlì, mo so àwọn tó jọra pọ̀, bíi Baba Ẹwìrì ti alágbẹ̀dẹ àti Abánáṣeré ti ẹlẹ́ṣin, torí àwọn méjèèjì ló ni iná. Ọ̀rẹ́ mi kà á, ó ní ó dà bí lísìtì ọjà. Ẹ̀gbọ́n, báwo gan-an ni òrìṣà oríṣiríṣi ṣe máa ń di ọ̀kan? Ta ló ń pinnu ẹ̀? Ọdún mélòó ló máa ń gbà? Ṣé kí n so orúkọ wọn pọ̀ ni àbí kí n wá orúkọ tuntun?"

Àbúrò, ọ̀rẹ́ ẹ ò purọ́, má bínú sí i. Tábìlì yẹn dáa fún ìwọ tó ń kọ̀wé kó o má baà gbàgbé orúkọ, àmọ́ iṣẹ́ tí òrìṣà ń ṣe lo fi so wọ́n pọ̀, iná mọ́ iná, omi mọ́ omi, ibẹ̀ gan-an ló ti wọ́. Èèyàn kì í sin òrìṣà torí pé ó jẹ́ "òrìṣà iná". Ó ń sìn ín torí pé bàbá ìyá ẹ̀ ló gbé e wálé, tàbí torí pé ó wá ọmọ títí kó tó lọ sójúbọ yẹn tó sì rí ọmọ, tàbí torí pé iwájú ọjà tó ti ń tajà ni ojúbọ yẹn wà, ọjọ́ ọdún òrìṣà yẹn sì ni ọjà ẹ̀ máa ń tà jù lọ́dún. Tí òrìṣà méjì bá wá fẹ́ dà pọ̀, má wo ojú òrìṣà, wo ọwọ́ àwòrò. Ta ló di ọ̀bẹ mú? Ta ló ń gba itan àgbò lọ ilé? Ta ló ń dá ọjọ́ ọdún? Tó o bá ti mọ ìyẹn, o ti mọ bí wọ́n ṣe dà pọ̀, àti ibi tí wọn ò ti dà pọ̀ dénú.

Kó o tó lọ jìnnà, wo ìlú tó ò ń gbé. Ìbàdàn tá a mọ̀ lónìí yìí, bùdó ogun ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí ọdún 1829, lẹ́yìn tí wọ́n ti fọ́ Òwu. Ifẹ̀ wà níbẹ̀, Ìjẹ̀bú wà níbẹ̀, Ọ̀yọ́ tí ogun lé kúrò nílé wà níbẹ̀, Ẹ̀gbá náà ò gbẹ́yìn, kálukú pẹ̀lú òrìṣà tó gbé sápá nígbà tó ń sá bọ̀. Ó yẹ kó jẹ́ pé òrìṣà ẹni tó lágbára jù ni gbogbo ìlú á máa bọ, àbí? Rárá o. Òkèbàdàn ni gbogbo ìlú ń bọ títí dòní. Òkè ni, òkè tí ìtàn Lágelú, ẹni tó kọ́kọ́ tẹ Ìbàdàn dó, sọ pé àwọn tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú sá gùn nígbà tí ìlú wọn tú, tí wọ́n ń jẹ òro, tí wọ́n ń jẹ ìgbín, tí wọ́n ń fi ìkarahun ẹ̀ fọ́rí mu, òun la ṣe ń ki ọmọ Ìbàdàn ní ọmọ ajòrosùn. Àwọn jagunjagun tó dé lẹ́yìn, tí wọ́n ní ìbọn, tí wọ́n lẹ́rú, tí apá ò ká, wọn ò wó ojúbọ òkè, àwọn náà wá ń forí balẹ̀ fún un. Ní ọjọ́ ọdún ẹ̀, wọn kì í dáná, oúnjẹ tútù ni wọ́n ń jẹ, àwọn ọ̀dọ́ á tú síta, wọ́n á máa kọrin tó ń dárúkọ nǹkan ọkùnrin àti nǹkan obìnrin ní gbangba títí kan ti ìyá àgbà tó jókòó ti àtẹ ẹ̀, onítọ̀hún á rẹ́rìn-ín, kò gbọdọ̀ bínú. Ẹni tó bá wá ń gun àkàbà oyè ní Ìbàdàn lè bẹ̀rẹ̀ látìsàlẹ̀ kó dé orí ìtẹ́ Olúbàdàn, ṣùgbọ́n Àbọkẹ̀ tó jẹ́ àwòrò òkè, ti ìdílé ni, ogun ò gbé èèyàn débẹ̀.

Kí ló dé táwọn alágbára fi gbà bẹ́ẹ̀? Torí pé ilẹ̀ ní ẹni tó mọ ohun tó ń jẹ. Tí o bá gba ilẹ̀ tí òjò wá kọ̀ tí kò rọ̀, tí ọmọdé ń kú, ta lo máa bi pé kí la ṣe? Ẹni tó o bá níbẹ̀ náà ni. Fún ìdí yìí, kó o tó so òrìṣà kankan mọ́ra nínú ìwé ẹ, pín wọn sí méjì ná: èyí tó ń rìn àti èyí tí kì í rìn. Òrìṣà òkè, òrìṣà odò, òrìṣà igbó kan pàtó, ibẹ̀ ni wọ́n wà, ẹni tó bá wá ló máa bá wọn. Òrìṣà ìdílé, òrìṣà iṣẹ́ ọwọ́, òrìṣà ogun, àwọn wọ̀nyẹn ń tẹ̀lé èèyàn kiri. Ìjà tó dùn kọ jù nínú ìlú tuntun ni ìjà láàárín oríṣi méjèèjì yìí, kì í ṣe láàárín iná àti iná.

Ó tún wá ní èyí tó le díẹ̀, tí òrìṣà tí kò yẹ kó rìn bá rìn. Yemọja, odò Ògùn ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́, odò Ògùn ò sì gba àárín Ìbàdàn kọjá, síbẹ̀ Pópó Yemọja wà láàárín ìlú níbí, ojúbọ wà níbẹ̀, ọdún ẹ̀ ń lọ. Wọ́n gbé e kúrò létí odò ẹ̀, ó wá di ti àwọn èèyàn dípò ti omi kan. Nígbà tí wọ́n wá kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú kọjá òkun, ó tún yí padà sí i, ní Salvador ní Bùràsíìlì, ọjọ́ kejì oṣù kejì lọ́dọọdún, etí òkun ní Rio Vermelho ni wọ́n ti ń gbé òdòdó àti lọ́fínńdà lọ fún un, òun ló ni òkun níbẹ̀. Nílé níbí ńkọ́? Olókun ló ni òkun. Olókun yìí fúnra ẹ̀, ọkùnrin ni wọ́n ń pè é ní Bìní, obìnrin ni ní Ifẹ̀, kò sì sẹ́ni tó pe ìpàdé láti yanjú ẹ̀. Ìwọ náà, má yanjú gbogbo ẹ̀. Tí òǹkàwé bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti takora tí àwọn ará ìlú ò sì rí i bíi wàhálà, ìgbà yẹn ló máa gbà pé ìlú yẹn wà lóòótọ́.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá sórí "àwọn tó jọra". Ibi tí èmi fi ń kọ́ èèyàn lọ́rọ̀ yìí ni Santa Barbara. Ẹni mímọ́ Kátólíìkì ni, ìtàn ẹ̀ ni pé bàbá ẹ̀ tì í mọ́ inú ilé gogoro, ó fi idà bẹ́ ẹ lórí torí pé ó di onígbàgbọ́, mànàmáná sì sán pa bàbá náà lójú ẹsẹ̀. Nínú àwòrán, wọ́n máa ń fi aṣọ pupa wọ̀ ọ́, idà á wà lọ́wọ́ ẹ̀, ilé gogoro á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lọ sí Kúbà wo àwòrán yìí, wọ́n rí pupa, wọ́n rí àrá, wọ́n ní Ṣàngó rèé. Obìnrin ni, wọ́n rí i pé obìnrin ni, ìyẹn ò dí wọn lọ́wọ́! Àwọn tí wọ́n kó lọ sí Bùràsíìlì wo àwòrán kan náà, wọ́n rí obìnrin tó di idà mú tí mànàmáná ń kọ lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n ní Ọya ni, Iansã ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ẹni mímọ́ kan, ọjọ́ kan náà, 4 oṣù Kejìlá, ọkọ ló bọ́ sí lọ́wọ́ ní Kúbà, aya ló bọ́ sí lọ́wọ́ ní Bùràsíìlì. Má tíì lọ. Saint George tó gun ẹṣin tó ń gún dírágónì lọ́kọ̀, Ògún ni ní Rio de Janeiro, ṣùgbọ́n tó o bá dé Bahia, Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ni, Saint Anthony ni Ògún tiwọn. Ní Kúbà, Saint Peter ni Ògún, torí kọ́kọ́rọ́ irin tó wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ṣó o rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀? Ẹnikẹ́ni ò ya tábìlì. Ohun tí ojú rí ni wọ́n fi mú wọn jọ: àwọ̀ aṣọ, ohun tó wà lọ́wọ́ ère, ọjọ́ tí ọdún bọ́ sí. Àti ibi tí wọ́n ti láàyè láti pé jọ. Ní Kúbà, ìjọba Sípéènì gbà káwọn aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ ẹ̀yà kan náà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, cabildo ni wọ́n ń pè é, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní ẹni mímọ́ tó ń ṣọdún fún, wọ́n ń lu ìlù, wọ́n ń jó, wọ́n ń sin òkú ara wọn. Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni nǹkan ti dà pọ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé ńṣe ni wọ́n kàn fi òrìṣà pamọ́ sẹ́yìn ẹni mímọ́ láti fi tan àwọn òyìnbó jẹ. Ó rí bẹ́ẹ̀ níbòmíì lóòótọ́, àmọ́ lójú tèmi kò tó, torí tó bá jẹ́ ẹ̀tàn nìkan, ọjọ́ tí ẹrú ti tán ni wọ́n á ti ju ère Santa Barbara nù. Wọn ò jù ú nù, wọ́n ti bá a sọ̀rọ̀ ní òru, ó ti gbọ́ àdúrà. Àfìgbà tó di 1983 ni Mãe Stella, ìyálórìṣà àgbà kan ní Salvador, àti àwọn ìyálórìṣà mìíì fọwọ́ sí ìwé pé ó tó gẹ́ẹ́, òrìṣà kì í ṣe ẹni mímọ́ Kátólíìkì, kí kálukú wà láyè ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń ṣe méjèèjì lẹ́yìn ìyẹn. Jẹ́ kí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ wà nínú ìwé ẹ, àgbàlagbà tó fẹ́ tú ohun tó ti dà pọ̀ ká, tí àwọn ọmọ ẹ̀ sì ń bẹ̀ ẹ́ pé ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀.

Ìbéèrè ẹ kejì, ta ló ń pinnu. Nígbà míì, ọba ni lóòótọ́. Lẹ́yìn ikú Alexander, ọba Makedóníà tó ṣẹ́gun Íjíbítì, ọ̀gágun ẹ̀ kan, Ptolemy, jọba lé Íjíbítì lórí, ará Makedóníà ni, àwọn Gíríìkì pọ̀ ní Alexandria, àwọn ọmọ onílẹ̀ pọ̀ jù wọ́n lọ. Ó gbé òrìṣà kan dìde tó ń jẹ́ Serapis: orúkọ ẹ̀ ti Íjíbítì ni, Osiris àti màlúù mímọ́ Apis ló ti wá, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ ti Gíríìkì ni, àgbàlagbà onírùngbọ̀n tó jọ Zeus, ọba òrìṣà wọn, wọ́n gbé agbọ̀n òṣùwọ̀n ọkà lé e lórí. Ó ṣiṣẹ́, ó tàn dé Róòmù, àmọ́ wo ẹni tó ṣiṣẹ́ fún: àwọn Gíríìkì ló gbà á jù, ọmọ onílẹ̀ tó wà lábúlé ń bá Osiris ẹ̀ àtijọ́ lọ. Kò wó ti ẹnikẹ́ni, ó kàn fi ẹnu ọ̀nà mìíì kún un, ìyẹn ló jẹ́ kó pẹ́. Akhenaten ní Íjíbítì kan náà, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún ṣáájú Ptolemy, òun ní oòrùn nìkan, Aten bí wọ́n ṣe ń pè é, ni ká máa bọ, ó ti tẹ́ḿpìlì Amun, òrìṣà tó ga jù nígbà yẹn, pa, ó ní kí wọ́n ha orúkọ Amun kúrò lára ògiri. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ó kú, àwọn àwòrò padà síbi oúnjẹ wọn, ọmọdé tó jọba tó ń jẹ́ Tutankhaten yí orúkọ padà sí Tutankhamun. Owó tẹ́ḿpìlì ni Akhenaten fọwọ́ kàn, kò sẹ́ni tó máa dárí ìyẹn jì í.

Èyí tó mọ́gbọ́n dání jù lọ́wọ́ àwọn aládé, èmi rò pé ti Dàhòmì ni, ní ilẹ̀ Benin Republic òde òní, lẹ́bàá wa níbí. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, Na Hwanjile, ìyá ọba Tegbesu, gbé Mawu àti Lisa wọ Abomey, olú ìlú wọn, ó fi wọ́n sókè gbogbo vodun yòókù, vodun ni wọ́n ń pe òrìṣà níbẹ̀. Kò lé vodun kankan jáde nílùú, ó kàn jẹ́ kí gbogbo wọn ní ọ̀gá, ọ̀gá yẹn sì wà lọ́wọ́ ààfin. Ẹ ò rí i pé obìnrin yẹn gbọ́n! Àwọn Róòmù náà gbọ́n lọ́nà tiwọn. Lọ́dún 204 ṣáájú Kristi, nígbà tí Hannibal, ọ̀gágun Carthage, ń dààmú wọn, wọ́n lọ gbé òkúta dúdú òrìṣà obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ńlá láti Éṣíà, níbi tó jẹ́ Tọ́kì lónìí, wá sí Róòmù, wọ́n gbà á tayọ̀tayọ̀, ìgbà tí wọ́n wá rí i pé àwọn àwòrò ẹ̀ máa ń tẹ ara wọn lọ́dàá, wọ́n ní ó dáa, òrìṣà lè dúró, àmọ́ ọmọ ìbílẹ̀ Róòmù ò gbọdọ̀ ṣe àwòrò ẹ̀. O rí i, wọ́n gbà á wọlé, ṣùgbọ́n wọn ò gbà á dé yàrá.

Ogun náà máa ń gbé òrìṣà rìn. Kí Róòmù tó gba Veii, ìlú kan nítòsí wọn, ní 396 ṣáájú Kristi, olórí ogun wọn ti bá Juno tó jẹ́ òrìṣà ìlú yẹn sọ̀rọ̀ pé kó máa bá àwọn lọ, àwọn á kọ́lé fún un. Livy tó kọ ìtàn Róòmù ní nígbà tí wọ́n gba ìlú tán, wọ́n ṣa àwọn gìrìpá kan, wọ́n wẹ̀, wọ́n wọ aṣọ funfun, wọ́n wọlé tọ ère náà tìbẹ̀rùtìbẹ̀rù, ọ̀kan nínú wọn ní, "Juno, ṣé o fẹ́ lọ sí Róòmù?", bóyá àwàdà ni bóyá ẹ̀mí ló gbé e. Làwọn yòókù bá pariwo pé ó mi orí! Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé wọ́n bi í. Wọ́n ti jó ìlú, wọ́n ti kó ẹrú, síbẹ̀ wọn ò lè fipá gbé òrìṣà, ó gbọ́dọ̀ gbà. Níbí náà, eégún Olóòlù ní Òde Ajé, tí obìnrin ò gbọdọ̀ fojú kàn, ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ogun ni wọ́n fi gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ni ín tẹ́lẹ̀. Ohun tí a kó bọ̀ látojú ogun wá di ohun tí gbogbo ìlú ń sá fún nígbà tó bá jáde.

Ìtàn ńkọ́, ìtàn bí òrìṣà ṣe jẹ́ sí ara wọn? Ẹ̀yìn ló ń dé. Ìgbà tí àwọn èèyàn bá ti ń gbé pọ̀ tán, tí ojúbọ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúbọ, ìgbà yẹn ni ẹnì kan á wá ní láti ṣàlàyé fọ́mọ ẹ̀. Wọ́n á ní wọ́n fẹ́ ara wọn, tàbí wọ́n jagun wọ́n sì parí ẹ̀. Àwọn ará àríwá Yúróòpù ní ẹbí òrìṣà méjì, Æsir àti Vanir, ìtàn wọn ní wọ́n jà títí, kò sẹ́ni tó borí, wọ́n wá fi èèyàn ṣe pàṣípààrọ̀, bí Njörðr àti Freyr ṣe bọ́ sọ́dọ̀ Æsir nìyẹn. Ní Bábílónì, nígbà tí ìlú wọn di ọ̀gá, ìtàn ìṣẹ̀dá wọn parí síbi tí gbogbo òrìṣà ti jókòó tí wọ́n fún Marduk, òrìṣà Bábílónì, ní 50 orúkọ. Àwọn bàbá wa ò tiẹ̀ jẹ́ kí ẹlẹ́sìn àjèjì wà lóde, Odù Òtúrá Méjì ni wọ́n fi ìmàle sí, kí ẹni tó dé láìpẹ́ lè rí i pé Ifá ti ń retí òun. Ayé la bá Ifá, ayé la bá ìmàle, ọ̀sán gangan nìgbàgbọ́ wọlé dé, gbogbo ọmọ Ìbàdàn ló mọ̀ ọ́n.

Ọdún mélòó? Ó sinmi lórí ohun tó ò ń wò. Lọ́jà, ọdún àkọ́kọ́ náà ni, obìnrin tí ọmọ ẹ̀ ń gbóná kì í béèrè ẹ̀yà babaláwo. Nínú ilé, ọmọ ni: ọmọ tí ìyá ẹ̀ jẹ́ apẹja tí bàbá ẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́ṣin, tó ń jẹ èèwọ̀ méjì, òun ló ń da òrìṣà pọ̀ ní ti gidi. Láàárín àwọn àwòrò ló ti ń pẹ́ jù, ó lè gba ọgọ́rùn-ún ọdún, ó sì lè má ṣẹlẹ̀ láé. Ní Ifẹ̀, Ọ̀ràmfẹ̀ ló ni àrá, Ṣàngó ló ni ín ní Ọ̀yọ́, gbogbo wa ń sọ Yorùbá, ẹnikẹ́ni ò sì tíì fi ọ̀kan gbé ìkejì mì. Tí wọ́n bá sì ti dà pọ̀ tán, ó lè tún tú. Lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún ni àwọn ará Jàpáánì fi da òrìṣà ìbílẹ̀ wọn pọ̀ mọ́ ti Búdà, 1868 ni ìjọba pàṣẹ pé kí wọ́n yà wọ́n, wọ́n ń gbé ère Búdà jáde látinú ojúbọ. Àmọ́ àwọn òrìṣà oríire méje tí wọ́n máa ń yà sínú ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo, tí àwọn kan wá láti Íńdíà, àwọn kan láti Ṣáínà, tí ọ̀kan jẹ́ ọmọ onílẹ̀, àwọn yẹn ṣì wà nínú ọkọ̀ wọn títí dòní, ìjọba ò rí wọn tú ká.

Wá jẹ́ ká padà sí Ọ̀dàn Ìrókò. Fi Baba Ẹwìrì àti Abánáṣeré sílẹ̀, wọn ò lè dà pọ̀. Iná alágbẹ̀dẹ, inú àrọ ló ń gbé, ó ń bọ́ èèyàn. Iná ẹlẹ́ṣin, òun ló jó oko àwọn alágbẹ̀dẹ nígbà ogun. Ọmọ alágbẹ̀dẹ wo ló máa pe àwọn méjèèjì ní ọ̀kan lójú bàbá ẹ̀? Ẹni tó máa bá Baba Ẹwìrì dà pọ̀ ni Ẹlẹ́fúùfù, tó o pè ní ọba àwọn òrìṣà ẹlẹ́ṣin, torí ẹlẹ́ṣin ò lè ṣe láìsí ìjánu àti ọ̀kọ̀, alágbẹ̀dẹ ló ń rọ ọ́, ọjọ́ tí wọ́n bá wá gba ohun ìjà ni wọ́n á jọ búra. Àwọn alágbẹ̀dẹ á máa sọ níkọ̀kọ̀ pé afẹ́fẹ́ inú ẹwìrì wa ni ọba wọn yẹn, ìgbà tá a bá fẹ́ ló ń mí. Àwọn ẹlẹ́ṣin á máa sọ pé Baba Ẹwìrì, ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń tọ́jú ẹṣin Ẹlẹ́fúùfù ni. Wọ́n jọ wà lójúbọ kan, wọ́n jọ ń jẹ, kálukú mọ ohun tó ń sọ nílé. Tábìlì ẹ ò lè mú afẹ́fẹ́ àti irin jọ láéláé, ìjánu ẹṣin ló mú wọn jọ.

Ìyá Ìṣàn àwọn apẹja, òun ni tí kì í rìn. Gbogbo ẹṣin ìlú gbọ́dọ̀ mu omi ẹ̀. Nítorí náà lọ́dọọdún, ọba ẹlẹ́ṣin á sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin, á bọ́ bàtà, á wọ omi dé orókún, ìyá àgbà apẹja kan tí kò ní ju àwọ̀n àti abọ́ lọ á bu omi sí i lórí. Àwọn ẹlẹ́ṣin ní ìyàwó Ẹlẹ́fúùfù ni Ìyá Ìṣàn. Àwọn apẹja ní ìyàwó kẹ̀? Ìwọ̀fà ẹ̀ ni Ẹlẹ́fúùfù, òùngbẹ ló gbé e dé, ó yá omi, kò tíì san án tán, òun ló ṣe ń wá lọ́dọọdún. Má sọ fún òǹkàwé èwo ni òótọ́.

Ibi tí ìtàn ẹ wà gan-an rèé. Àwọn apẹja kì í jẹ àgbò, èèwọ̀ wọn ni, àwọn ẹlẹ́ṣin ò sì mọ ẹbọ mìíì ju àgbò lọ. Ìran àkọ́kọ́ ti wá nǹkan ṣe sí i: etí omi ni wọ́n á ti pa á, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ò ní kan odò, orí ẹ̀ ni wọ́n á jù sómi, àwọn ẹlẹ́ṣin á kó àyà, itan ọ̀tún á lọ fún alágbẹ̀dẹ tó rọ ọ̀bẹ. Ó wá di ayé àwọn ọmọ ọmọ wọn, ọba kan tó láhun ní kí ló dé tí alágbẹ̀dẹ fi ń gba itan, ṣebí owó ọ̀bẹ la san. Lọ́dún yẹn wọn ò gbé itan lọ. Alágbẹ̀dẹ ò jà, kò pariwo, ó kàn jókòó sílé, kò rọ ọ̀bẹ fún ọdún tó tẹ̀ lé e. Ó di ọjọ́ ọdún, ọba wà nínú omi dé orókún, gbogbo ìlú dúró, àgbò ń ké, kò sí ọ̀bẹ. Kí ni ìyá àgbà apẹja yẹn máa ṣe? Kọ ibẹ̀ fún mi ná kó o tó kọ ìtàn ìṣẹ̀dá kankan.

Ti orúkọ, má ṣe àṣejù. Ara ògiri àti ẹnu ọba ni orúkọ oníbejì máa ń wà, bí Amun-Ra ní Íjíbítì, tó so Amun mọ́ Ra, òrìṣà oòrùn. Ní ìlú Bath ní Gẹ̀ẹ́sì, omi gbígbóná kan ń sun láti inú ilẹ̀, Sulis ni àwọn onílẹ̀ ń pe òrìṣà ẹ̀, àwọn Róòmù dé, wọ́n ní Minerva tiwa ni, wọ́n kọ́ tẹ́ḿpìlì fún Sulis Minerva. Wọ́n ti hú ọ̀pọ̀ pẹlẹbẹ òjé jáde nínú omi yẹn, tí àwọn èèyàn kọ ẹ̀sùn sí, wọ́n ká a, wọ́n jù ú sínú omi náà. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Docimedis kọ ọ́ pé ìbọ̀wọ́ òun méjì ti sọnù, kí ẹni tó jí i pàdánù làákàyè ẹ̀ àti ojú ẹ̀ méjèèjì. Nítorí ìbọ̀wọ́! Nínú irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀, Sulis nìkan ni ọ̀pọ̀ wọn kàn ń pè é. Nítorí náà, orúkọ gígùn fún ayẹyẹ, kúkúrú fún ẹni tí wọ́n jí ewúrẹ́ ẹ̀ gbé, kí àwọn ẹ̀yà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta má sì pè é bákan náà.

Ó ku iye wọn. Mẹ́jọ mẹ́jọ mẹ́jọ yẹn ń fi ìwọ tó kọ ọ́ hàn. Fún àwọn apẹja ní mẹ́ta péré tí wọ́n mọ̀ dunjú, fún àwọn ẹlẹ́ṣin ní púpọ̀ tí àwọn fúnra wọn ò lè kà tán, kí ti alágbẹ̀dẹ jẹ́ ọ̀kan tó ní ọmọ púpọ̀. Àwọn bàbá wa tó ka irúnmọlẹ̀ ní ọ̀kànlénígba tàbí ọ̀kànlénírinwó fi ẹyọ kan yẹn sórí ẹ̀ kí ẹni tó bá tún dé lè ríbi jókòó sí. Lára mẹ́rìnlélógún tó o ní, mẹ́rin tó fún orí kìíní, àwọn yòókù, jẹ́ kí àwọn èèyàn máa fi wọ́n búra tàbí kí wọ́n fi wọ́n sọ ọmọ lórúkọ, tí òǹkàwé bá fẹ́ mọ̀ sí i á tẹ̀ lé ẹ. Tó o bá ti kọ ibi ọ̀rọ̀ itan àgbò yẹn, fi ránṣẹ́ sí mi, kò pọn dandan kó tíì mọ́.